Ta Ló Ni Orin Tí Ẹni Márùn-ún Jọ Ṣe?

Ìwé tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lọ́tẹ̀ yìí lè ya àwọn kan nínú yín lẹ́nu, nítorí ìwé onílù rọ́ọ̀kì kan ní Amẹ́ríkà ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì ṣí ojú ewé yìí kọjá. Ìjà tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ìjà àjèjì. Ìjà àwọn tó ti jẹun pọ̀ nínú àwo kan ni, tí owó wá dé tán, tí wọn kò mọ bí wọn yóò ṣe pín in. Ẹgbẹ́ akọrin mélòó ni a mọ̀ tó ti tú ká lórí irú rẹ̀? Àní, ọmọ ìyá mélòó?

Levon Helm ni orúkọ onílù náà. Ìwé rẹ̀ tó pè ní This Wheel's on Fire jáde ní ọdún 1993, òǹkọ̀wé kan tó ń jẹ́ Stephen Davis ló sì bá a kọ ọ́. The Band ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ tó ti lu ìlù, ìyẹn "Ẹgbẹ́ Náà" lásán, bí ẹni pé kò sí ẹgbẹ́ mìíràn láyé. Helm ti kú láti oṣù kẹrin ọdún 2012, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ka ìwé rẹ̀ kò tíì fẹnu kò lórí rẹ̀ títí di ìsinsìnyí.

Apá ìbẹ̀rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òǹkàwé fẹ́ràn jù, àwa náà sì gbà pẹ̀lú wọn. Ọdún 1940 ni wọ́n bí Helm ní ìpínlẹ̀ Arkansas, ìletò kan tí wọ́n ń pè ní Turkey Scratch ló sì dàgbà sí. Àgbẹ̀ olówùú ni àwọn òbí rẹ̀. Ó sọ bí oòrùn ṣe ń pa wọ́n nínú oko òwú, bí òun ṣe ń wa katakata láti kékeré, àti bí orin kò ṣe ń wọ́n nínú ilé wọn. Wọ́n fi bàsíà ìfọṣọ ṣe ohun èlò orin olókùn kan fún Linda, arábìnrin rẹ̀. Linda ń ta okùn bàsíà, Levon ń ta gìtá, tọmọdé tọmọdé wọn ni wọ́n ń gba ẹ̀bùn níbi ìdíje àwọn ọmọ àgbẹ̀. Nígbà tí olórin kan tó ń jẹ́ Ronnie Hawkins fẹ́ mú Levon lọ kó wá máa lu ìlù fún òun, àwọn òbí rẹ̀ ní ó di ìgbà tó bá parí ilé ẹ̀kọ́ girama. Ó parí rẹ̀ ní ọdún 1958, ó sì gbéra. Inú wa dùn sí àwọn òbí wọ̀nyí púpọ̀. Wọn kò pa ẹ̀bùn ọmọ wọn, wọn kò sì jẹ́ kó tìtorí rẹ̀ sá kúrò nílé ẹ̀kọ́.

Hawkins kó wọn lọ sí Kánádà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni àwọn ọmọ Arkansas tí wọ́n jọ lọ padà sílé, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni àwọn ọmọ Kánádà sì ń gba ipò wọn: Robbie Robertson tó ń ta gìtá, Rick Danko tó ń ta báàsì, Richard Manuel tó ń tẹ dùùrù, àti Garth Hudson tó dé kẹ́yìn. Hudson yìí ti kẹ́kọ̀ọ́ orin dáadáa, ó sì ti tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀rù ń bà á pé àwọn òbí òun yóò ní òun ti sọ ẹ̀kọ́ òun nù sínú ilé ọtí. Ó wá ní òun yóò wọ ẹgbẹ́ náà bí wọ́n bá lè máa pe òun ní olùkọ́ orin, kí olúkúlùkù wọn sì máa san dọ́là 10 lọ́sẹ̀ fún òun lórí ẹ̀kọ́ náà. Wọ́n sì ń san án! Ẹ rẹ́rìn-ín bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ó lójú òbí tí ọmọ yìí ń wò.

Ní ọdún 1965 Bob Dylan, gbajúgbajà olórin, ní kí wọ́n wá máa bá òun ṣeré káàkiri. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn èrò ìwòran kò fẹ́ gbọ́ gìtá oníná àti ìlù lẹ́yìn Dylan, wọ́n ń hó lé wọn lórí láti ìlú dé ìlú. Levon kò lè fara dà á. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ ń ṣe lébìrà níbi tí wọ́n ti ń wa epo rọ̀bì lórí omi Gulf of Mexico. Ẹni tó bá fẹ́ lè pè é ní ojo. Àwa rí i pé ẹni tó mọ iṣẹ́ oko kò ka iṣẹ́ agbára sí ìtìjú. Ọdún 1967 ló padà bá wọn ní agbègbè Woodstock ní ìpínlẹ̀ New York, níbi tí wọ́n ti ń fi ilé aláwọ̀ osùn kan ṣe ibi ìdánrawò. Àwo wọn àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1968, èkejì sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1969. Wọ́n di olókìkí káàkiri ayé.

Ibi tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyí. Lára àwo àkọ́kọ́, orúkọ Robertson wà lórí orin mẹ́rin gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ wọ́n, ti Manuel náà sì wà lórí mẹ́rin, nígbà tí Danko ní ọ̀kan. Dylan wà lára àwọn tó bá wọn kọ díẹ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tó di àwo kejì, orin 12 ló wà nínú rẹ̀, orúkọ Robertson sì wà lórí gbogbo wọn. Manuel ní ìpín nínú mẹ́ta, Levon nínú ọ̀kan ṣoṣo. Danko àti Hudson kò ní ìkankan.

Kí ló burú nínú orúkọ lásán? Kì í ṣe orúkọ lásán rárá. Nǹkan méjì ni òfin Amẹ́ríkà ń rí nínú orin kan tó wà nínú àwo. Èkínní ni orin fúnra rẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ rẹ̀ àti ohùn tí a fi ń kọ ọ́. Èkejì ni bí wọ́n ṣe gbà á sílẹ̀. Bí rédíò tó ń fọ̀ lórí afẹ́fẹ́ níbẹ̀ bá lo orin kan, ẹni tó kọ orin àti ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ rẹ̀ ló ń gbowó. Ẹni tó lu ìlù rẹ̀, àní ẹni tó la ohùn kọ ọ́, kò ní gba kọ́bọ̀ lórí ti rédíò yẹn. Bí olórin mìíràn bá sì tún orin náà kọ, ẹni tó kọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀ ni owó òǹkọ-orin ń lọ bá. Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Orin kan wà nínú àwo ọdún 1969 náà tó ń jẹ́ The Night They Drove Old Dixie Down, tó sọ ìtàn tálákà kan ní gúúsù Amẹ́ríkà nígbà tí ogun abẹ́lé wọn parí ní ọdún 1865. Levon, ọmọ gúúsù, ló kọ ọ́ lẹ́nu. Robertson, ọmọ Kánádà, ni orúkọ rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ní ọdún 1971 obìnrin olórin kan, Joan Baez, tún un kọ, ó sì gba ipò kẹta ní gbogbo Amẹ́ríkà. Owó òǹkọ-orin tó ti ibẹ̀ wá kò gba ọ̀dọ̀ Levon kọjá.

Ohun tí Levon sọ nínú ìwé rẹ̀ nípa orin yìí ni pé òun àti Robertson jọ ṣiṣẹ́ lé e lórí ni, pé òun tilẹ̀ mú un lọ sí ilé ìkàwé kó lè ka ìtàn àti ilẹ̀ ìgbà náà. Nínú The Weight, orin wọn tó lókìkí jù, ọ̀rẹ́ Levon kan láti Turkey Scratch wà níbẹ̀ tòun ti orúkọ rẹ̀. (Ẹ̀yin tó ti gbọ́ orin náà tí ẹ rò pé Násárẹ́tì ti Jésù ni wọ́n dárúkọ: rárá o, Nazareth ti ìpínlẹ̀ Pennsylvania ni Robertson ní lọ́kàn, níbi tí wọ́n ti ń ṣe gìtá Martin.) Ní kúkúrú, Levon ní ìtàn ilé òun àti ìṣesí àwọn ènìyàn òun ni wọ́n fi kọ àwọn orin náà. Ó ní ẹni márùn-ún ló sì jókòó nínú yàrá kan tí wọ́n fi rí bí a ṣe gbọ́ wọn.

Èsì Robertson ni pé òun ló ń jókòó kọ orin. Ó ní òun rọ Manuel títí pé kó máa kọ, ṣùgbọ́n Manuel kò kọ mọ́. Òun náà kọ ìwé tirẹ̀, Testimony, ní ọdún 2016.

Báyìí ni àwọn òǹkàwé ṣe pín. Ó dà bí ẹni pé àwọn tó ti wà nínú ẹgbẹ́ olórin rí ló ń gbè sẹ́yìn Levon jù, nítorí wọ́n mọ̀ pé orin tí ẹnì kan gbé wá láti ilé kì í jọ orin tó jáde lẹ́yìn oṣù kan ìdánrawò. Àwọn ẹlòmíràn ní ẹni tó bá ní òun kọ orin kó fi ìwé tó fi kọ ọ́ hàn, pé ìtàn sísọ kì í ṣe orin kíkọ. Àwọn kan tún wà tí wọn kò tilẹ̀ bìkítà nípa owó. Wọ́n ní ìbínú inú ìwé náà ló sú wọn, pé ó ba ìtàn dídùn jẹ́.

Àwa Yorùbá ní ohun tí a lè sọ sí i. Létí wa, ìlù máa ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó fi dùndún ki ọba kò sọ̀rọ̀ kan lẹ́nu, síbẹ̀ gbogbo ààfin gbọ́ ohun tó wí. Òfin tó ka ohùn ẹnu sí orin, tí kò ka ìlù sí i, yóò ṣàjèjì sí wa. Onílù tiwa kan, Tony Allen, tí wọ́n bí ní Èkó ní ọdún 1940 kan náà pẹ̀lú Levon, gbé ìwé ìtàn ara rẹ̀ jáde ní ọdún 2013. Òun ló lu ìlù fún Fẹlá fún ọdún tó lé ní mẹ́wàá, owó àti orúkọ sì wà lára ohun tó yà wọ́n.

Síbẹ̀ a kò lè sọ pé Levon jàre tán. A gbà pé Robertson kọ orin, ó kọ ọ́ púpọ̀, a kò sì rí ibi tí ìwé Levon ti já èyí nírọ́. Ohun tí a kò rí nínú ìwé méjèèjì ni ọjọ́ tí àwọn márààrún jókòó, kí àwo tó jáde, tí wọ́n ní: báyìí la ó ṣe pín in. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n, ojú ń tì wọ́n láti sọ̀rọ̀ owó. Levon rí orúkọ tó wà lára àwo ní ọdún 1969, ó ṣì lu ìlù níbẹ̀ fún ọdún méje. Ìwé rẹ̀ tó kó gbogbo rẹ̀ síta sì pẹ́ ní ọdún 24 kó tó dé.

Ní ti ìbínú rẹ̀, àwọn tó ní ó sú wọn kò fara balẹ̀ ka ikú Manuel. Ní ọjọ́ 25 oṣù kọkànlá ọdún 1976 ni ẹgbẹ́ náà ṣe eré ìdágbére ní San Francisco, tí Martin Scorsese fi ṣe fíìmù; Levon kò fẹ́ kí wọ́n tú ká, ó sì ní Robertson nìkan ni fíìmù náà ń wò. Ní ọdún 1983 àwọn yòókù tún kóra jọ láìsí Robertson, wọ́n ń ṣeré ní gbọ̀ngàn kéékèèké. Ọtí àti oògùn olóró ti jẹ́ ìṣòro Manuel tipẹ́. (Ìwé náà kò fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pa mọ́ rárá, nítorí náà kì í ṣe ìwé tí ẹ ó gbé sílẹ̀ fún ọmọdé.) Ní oṣù kẹta ọdún 1986, lẹ́yìn eré kan ní Winter Park ní Florida, ó jókòó sọ̀rọ̀ pẹ̀lú Levon títí di ọ̀gànjọ́, ó padà sí yàrá tirẹ̀, ó sì pokùn so. Ẹni ọdún 42 ni. Ojú ikú yìí ni Levon fi ń wo ìwé owó tó ń kọ ọ̀rọ̀ lé lórí. Ó lè ti ṣàṣejù. Àwa kò lè pè é ní ìlara.

Nígbà tí wọ́n bu ọlá fún ẹgbẹ́ náà ní Rock and Roll Hall of Fame ní ọdún 1994, Levon kò lọ. Ní ọdún 1998 wọ́n rí jẹjẹrẹ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀, ohùn rẹ̀ lọ, gbèsè ìwòsàn sì wọlé dé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe èrò wá gbọ́ orin nínú abà ilé rẹ̀ ní Woodstock, kó lè rí owó san án. Ohùn náà padà díẹ̀díẹ̀. Amy ọmọbìnrin rẹ̀ dúró tì í nídìí àwo kan tó pè ní Dirt Farmer, ti ọdún 2007, ó sì gba ẹ̀bùn Grammy lórí rẹ̀. Danko ti kú ní ọdún 1999.

Nígbà tí Levon ń kú lọ ní ilé ìwòsàn ní New York ní ọdún 2012, Robertson wá, ó jókòó tì í fún ìgbà díẹ̀. Robertson kú ní ọdún 2023. Hudson, olùkọ́ orin wọn, ló kú kẹ́yìn ní oṣù kìíní ọdún 2025. Orúkọ tó wà lára orin 12 àwo ọdún 1969 náà wà bí wọ́n ṣe kọ ọ́.