Ọpẹ́ ni àbí ìtọrọ?

Àkókò ìkórè tún ń bọ̀, ìwé ìkésíni ti ń wọlé lọ́tùn-ún lósì. Ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn àti ọpẹ́ la fẹ́ bá yín sọ.

Àwa kò kẹ̀rẹ̀ nínú ọpẹ́. Bí ẹnìkan bá fún wa ní nǹkan lónìí, a óò dúpẹ́ lójú ẹsẹ̀; bí ilẹ̀ bá mọ́, a óò tún lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ pé, "Ẹ ṣeun àná o." Àwọn Faransé tó ni ìwé tí a kà kò ní irú rẹ̀, mẹsí ẹ̀ẹ̀kan ti tó wọn.

Ṣùgbọ́n a máa ń pa á lówe fún ọmọdé pé bó bá dúpẹ́ oore àná, yóò rí òmíràn gbà. Òwe náà dùn, àmọ́ bí a kò bá ṣọ́ra, ó lè sọ ọpẹ́ di ìwọ̀ tí a fi ń pẹja. Àwa olùkọ́ mọ̀ ọ́n. Ìyá tó gbé iṣu mẹ́ta wá lẹ́yìn tí èsì CEP ti jáde, tí ọmọ rẹ̀ kò ní í sí lọ́dọ̀ wa mọ́, ọpẹ́ ló wá dú. Èyí tí wọ́n gbé wá kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ẹ wo Pọ́ọ̀lù. Inú ìdè ló wà nígbà tí àwọn ará Fílípì fi ẹ̀bùn rán Epafroditu sí i, àìsàn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìránṣẹ́ náà. Ní orí 4 ìwé tó kọ sí wọn, ó dúpẹ́, ó tún rántí èyí tí wọ́n ti ṣe fún un nígbà tó wà ní Tẹsalóníkà. Síbẹ̀ ó là á mọ́lẹ̀ pé kì í ṣe ẹ̀bùn ni òun ń lé. Ẹlẹ́wọ̀n ló ń sọ bẹ́ẹ̀ o!

Àwọn adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá inú Lúùkù orí 17 náà ńkọ́? A máa ń bú àwọn mẹ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ Jésù fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n lọ fi ara han àwọn àlùfáà. Iṣẹ́ tó rán wọn ni wọ́n ń jẹ́. Ará Samáríà yẹn nìkan ló yí padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì tún tọrọ nǹkan kan mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fún ni, ọ̀rọ̀ kàn yín. Àpò ìrẹsì méjì, fọ́tò ogún lórí WhatsApp, ojú opó hàn kedere nínú gbogbo rẹ̀. Ìṣíregún nìyẹn, kódà bí ẹ kò bá la ẹnu. Opó tó fi owó wẹ́wẹ́ méjì sínú àpótí nínú Máàkù orí 12, Jésù kò pe orúkọ rẹ̀ fún èrò. Àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ ló pè jọ, ó sì sọ ọ́ fún wọn.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìkórè, ẹ̀rọ gbohùngbohùn la fi ń ka iye tí oníkálukú mú wá. Ẹni tó mú ọgọ́rùn-ún márùn-ún sẹ́fà wá á máa wolẹ̀. Wọ́n á ní bí a kò bá ka iye, owó kò ní í wọlé, òrùlé ìjọ sì ń jò. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, tiwa ni pé kí a ka orúkọ gbogbo ènìyàn láìka iye, kí akápò kọ iye sínú ìwé, kí a sì lẹ àròpọ̀ rẹ̀ mọ́ ara ògiri. Nígbà tó bá di ọjọ́ Ajé, kí àwọn alàgbà lọ sílé ẹni tó mú àgbàdo díẹ̀ wá, kí wọ́n kí i pé, "Ẹ ṣeun àná."

Ní ìjọ tiyín ńkọ́, ṣé wọ́n ń ka iye?