Ta Ni Yóò Gbọ́ Ẹjọ́ Adájọ́?

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Òwe yìí kò fẹ́ àlàyé. Síbẹ̀, láìpẹ́ yìí ní Òwu-Ìsin ní Kwara, àríyànjiyàn lórí ìbò ààrẹ ọdún 1979 tún bẹ́ sílẹ̀, ẹni tí wọn kò tíì bí nígbà náà sì ń búra pé ńṣe ni wọ́n ra àwọn adájọ́. Kò ka ìwé adájọ́ kankan rí. Ìwà ìkà gan-an nìyẹn, àwa tí a ń jẹ́ kí ìwé wọn ṣègbé la sì ń bá a dáná rẹ̀.

Òfin ọdún náà ní kí ẹni tó máa di ààrẹ ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò, ní ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀ 19. Shagari, ọ̀kan nínú àwọn tó díje, rí i ní 12, ṣùgbọ́n ìdá méjì nínú mẹ́ta 19 lé díẹ̀ ní 12. Ní Kano, tí ì bá jẹ́ ìkẹtàlá, ọwọ́ rẹ̀ kò tó o. Awólọ́wọ̀, tó bá a díje, pè é lẹ́jọ́. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Shagari wọlé. Nínú àwọn adájọ́ náà, Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́, ọmọ Iléṣà, nìkan ló takò ó.

Fatayi-Williams tó darí ìgbẹ́jọ́ náà kọ ìtàn ayé rẹ̀ ní 1983. Ẹ̀ṣọ́ kọ tirẹ̀ ní 1996. Ó pe ìwé náà ní The Mystery Gunman, nítorí ẹjọ́ 1965 tó ti dá Wọlé Ṣóyínká sílẹ̀ lórí ẹ̀sùn pé ó gbé ìbọn wọ ilé-iṣẹ́ rédíò Ìbàdàn.

Wọ́n á ní ìdájọ́ ṣáà wà nínú ìwé òfin, kí ló tún kù? Ọ̀rọ̀ yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìdájọ́ ń sọ ibi tí adájọ́ gúnlẹ̀ sí, kò sọ ohun tó kọ tó sì pa rẹ́.

Ṣùgbọ́n ìtàn tí adájọ́ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, ẹjọ́ ẹnìkan náà ni. Ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ nílé-ẹjọ́, níbi tó ti ń fọwọ́ kọ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí, àti lẹ́tà rẹ̀, la ó fi dán an wò. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè: ọ̀dọ́ agbẹjọ́rò tó bá rí bí àgbà ṣe ṣiyèméjì kó tó pinnu ti rí ẹ̀kọ́ gbà.

Ibi tí a ó kó irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí kò wọ́n wa. Ère òkúta Èsìẹ́, tó lé ní 1,000, ti wà nínú mùsíọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà láti 1945. Ìwé Herbert Macaulay wà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Kí adájọ́ Kwara tó ń fẹ̀yìntì bá Yunifásítì Ìlọrin sọ̀rọ̀ nígbà tó ṣì lágbára. Èyí tó bá jẹ́ àṣírí, kó ní kí wọ́n má ṣí i títí di 30 ọdún lẹ́yìn ikú òun.