Kì Í Ṣe Agbára Ìka Ni Dùùrù Ń Fẹ́

Bí ọmọ bá jókòó sídìí dùùrù tí ohùn tó ń ti ibẹ̀ jáde ò dọ́gba, tí nóòtì kan ń pariwo tí èkejì ò sì dún rárá, ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu olùkọ́ ni pé ìka ọmọ náà ò lágbára. Òbí á gbà bẹ́ẹ̀, ọmọ náà á gbà bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa béèrè irú agbára tí wọ́n ń wí. Ìtọ́jú tí wọ́n sì máa ń júwe fún un kì í yàtọ̀ láti ilé kan sí èkejì: kó gbé ìka sókè dáadáa, kó máa já a lu kíì lọ́kọ̀ọ̀kan, kó má jẹ́ kí ọwọ́ mì, kó ṣe é títí apá á fi máa ro ó, torí wọ́n ní ríro yẹn ni àmì pé agbára ti ń wọlé. Mo kọ ìwé-pẹlẹbẹ yìí láti sọ pé ìgbàgbọ́ náà kò tọ̀nà, àti pé ó ń ba àwọn ọmọ tó ní ẹ̀bùn jẹ́. Dùùrù kì í béèrè agbára ìka lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń béèrè ni pé kí apá tó wà lẹ́yìn ìka dẹ̀, kí ìwúwo rẹ̀ sì rí ọ̀nà dé orí kíì. Ẹ̀kọ́ gidi nìyẹn, ó tiẹ̀ le ju gbígbé ìka sókè lọ, bóyá ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ fi ń yẹra fún un.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ dùùrù náà wò. Èyí tó ní wáyà àti òòlù nínú, tí à ń pè ní piano, ni mo ń sọ, kì í ṣe ti iná mànàmáná. Bí a bá gbé ohun tó wọn gíráàmù 50 tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lé etí kíì kan, kíì náà á wọlẹ̀ fúnra rẹ̀, ibi tó sì máa wọlẹ̀ dé ò ju nǹkan bíi mílímítà 10 lọ. Apá ènìyàn kan, láti èjìká dé orí ìka, tó nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 ìwúwo ara rẹ̀. Apá ọmọ tó wọn kìlógíráàmù 25 lé ní kìlógíráàmù kan. Ti àgbàlagbà tó wọn 70 tó mẹ́ta àbọ̀. Ìyẹn ni pé ohun tó so mọ́ èjìká ọmọ yẹn tó ìlọ́po 25 ohun tí kíì ń fẹ́ kó tó wọlẹ̀. Báwo la ṣe wá ń sọ pé agbára ò tó? Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọmọ náà fa èjìká sókè, ó há ìgúnpá mọ́ ẹ̀gbẹ́, ó gbé gbogbo ìwúwo yẹn dání kó má baà dé orí kíì, ó wá ní kí ìka kan ṣoṣo lọ dá iṣẹ́ ṣe. Kò sí ìka tí kò ní dà bí aláìlera nínú irú ipò bẹ́ẹ̀.

Wọ́n á ní ohùn ńlá ń fẹ́ agbára ńlá. Ohun tó ń mú ohùn ròkè nínú piano ni eré tí òòlù fi dé ara wáyà. Bí kíì ṣe ń wọlẹ̀, igi kékeré kan nínú piano náà ń ti òòlù sókè. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kí òòlù kan wáyà, igi náà á yọ kúrò lábẹ́ rẹ̀, òòlù á sì dá fò lọ fúnra rẹ̀. Láti ìgbà yẹn, kò sí ohun tí ìka lè ṣe tí yóò pa ohùn nóòtì náà dà, àfi kó gbéra kó sì pa á. Ẹni tó wá ń tẹ kíì mọ́lẹ̀ pẹ̀lú eyín pípa lẹ́yìn tí nóòtì ti dún, pátákó abẹ́ kíì ló ń bá jà. Bẹ́ẹ̀ ìlàágùn tí à ń rí lára ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ibẹ̀ gan-an ló ń lọ. Ó ń dun apá, wáyà ò sì gbọ́ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Tí a bá wá kúrò lára dùùrù tí a bọ́ sí ara ọwọ́, ọ̀rọ̀ agbára ìka tún ṣòro gbà sí i. Nínú ìka gan-an, kò sí ẹran tó ń ká a tàbí tó ń nà án: egungun, awọ, ọ̀rá díẹ̀ àti okùn iṣan ló wà níbẹ̀. Ẹran tó ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà wà láàárín ìgúnpá àti ọrùn ọwọ́, àwọn kéékèèké wà nínú àtẹ́lẹwọ́. Ẹni tó ń fún ìka lókun, apá ló ń fún lókun láìmọ̀. Ti ìka òrùka wá yàtọ̀, òun tí àwọn olùkọ́ dùùrù ń pè ní ìka kẹrin, tí gbogbo ayé ń pè ní ọ̀lẹ. Ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sórí tábìlì, ẹ ká ìka àárín sábẹ́ ọwọ́ kí oríkèé rẹ̀ kan tábìlì, kí ẹ wá gbé àwọn yòókù sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Àtàǹpàkò á gbéra, ìka tí a fi ń júwe nǹkan á gbéra, ọmọńdinrín náà á gbéra. Ìka òrùka á dúró síbẹ̀. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Okùn iṣan tó ń gbé e ló so mọ́ ti àwọn méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀yìn ọwọ́. Kò sí ìdánrawò tó lè tú ìsopọ̀ yẹn. Àwọn kan tiẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n sì gba ọ̀nà míràn: ní Philadelphia, oníṣẹ́-abẹ kan tó ń jẹ́ William Forbes ń fi ọ̀bẹ gé àwọn okùn iṣan yẹn fún àwọn olórin kí ìka òrùka wọn lè dòmìnira. Ibi tí ìgbàgbọ́ nínú agbára ìka lè gbé ènìyàn dé nìyẹn tí kò bá sẹ́ni tó dá a dúró.

Ìgbàgbọ́ yìí kò sì ṣàdédé wáyé. Dùùrù tí Bartolomeo Cristofori ṣe ní Florence ní nǹkan bí ọdún 1700, àti àwọn tí wọ́n ń ṣe ní Vienna fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀, fúyẹ́ lọ́wọ́. Kíì wọn ò jìn, òòlù wọn kéré, ìka nìkan sì tó o dé àyè kan. Lórí irú dùùrù bẹ́ẹ̀ ni àṣà gbígbé owó ẹyọ lé ẹ̀yìn ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ti bẹ̀rẹ̀, kí ọwọ́ má baà mì. Ní 1814, Johann Bernhard Logier gba àṣẹ ìjọba lórí ẹ̀rọ kan tó ń há ọrùn ọwọ́ àti ìka akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ ojú kan. Friedrich Kalkbrenner sọ ọ́ di ọ̀pá igi lásán tí apá ń sinmi lé. Dùùrù fúnra rẹ̀ kò dúró de wọn. Ní 1821 wọ́n gba àṣẹ lórí ẹ̀rọ tuntun ti Sébastien Érard, tó ń jẹ́ kí nóòtì kan lè tún dún kí kíì tó padà dé òkè. Ní 1825 Alpheus Babcock ti Boston gba tirẹ̀ lórí férémù irin tí wọ́n dà lódidi. Wáyà nípọn sí i, òòlù wúwo sí i, kíì jìn sí i. Ohun èlò ti yí padà, àwọn olùkọ́ ò yí padà. Dípò kí wọ́n sọ pé ìka nìkan ò tó mọ́, wọ́n ní kí ìka lágbára sí i. Nígbà tí Charles-Louis Hanon tẹ ìdánrawò 60 rẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Faransé ní 1873, tó sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé ìka sókè dáadáa, òfin dùùrù fífúyẹ́ ló ń gbé ka orí dùùrù onírin.

Àwọn tó rí i pé nǹkan ò rí bẹ́ẹ̀ wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Chopin dé Paris ní 1831, Kalkbrenner ní kó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ òun fún ọdún mẹ́ta, Chopin kọ̀. Nínú àkọsílẹ̀ tí kò parí tó fẹ́ fi ṣe ìwé ẹ̀kọ́, ó kọ ọ́ pé ìka kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ̀dá tirẹ̀, àti pé kò yẹ kí a ba adùn ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ nítorí à ń wá ìdọ́gba. Ipò ọwọ́ àkọ́kọ́ tó sì fi ń kọ́ni kì í ṣe ti kíì funfun márùn-ún: ó ń gbé àwọn ìka mẹ́ta tó gùn sórí kíì dúdú, àwọn méjì kúkúrú sórí funfun, kí ọwọ́ lè jókòó bó ṣe rí. Ludwig Deppe kọ̀wé ní Jámánì ní 1885 nípa àìsàn apá tó ń ṣe àwọn atẹdùùrù, ó sì di ẹ̀bi rẹ̀ ru àṣà ìka nìkan. Tobias Matthay tẹ ìwé tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí jáde ní 1903, Rudolf Breithaupt ti Jámánì tẹ̀lé e ní 1905. Lọ́dọ̀ Matthay ní Lọ́ńdọ̀nù ni gbajúmọ̀ atẹdùùrù Myra Hess ti kọ́ṣẹ́. Ó ti lé ní 100 ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú ìwé, à ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Àtakò àkọ́kọ́ ni pé àwọn àgbà nínú iṣẹ́ náà fi Hanon kọ́ṣẹ́. Òótọ́ ni. Rachmaninoff fúnra rẹ̀ sọ ọ́ pé wọ́n ń fi ìwé yẹn ṣe ìdánwò fún akẹ́kọ̀ọ́ ní Rọ́ṣíà. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n rí gbà nínú rẹ̀? Ẹni tó bá fi wákàtí rẹpẹtẹ jókòó ti dùùrù lójoojúmọ́ láti kékeré, ara rẹ̀ á wá ọ̀nà tó rọrùn fúnra rẹ̀, ohun yòówù tí ìwé ìbáà máa wí. Àwọn tí ara wọn ò rí ọ̀nà náà ni kò sí lórí àkọsílẹ̀. Wọ́n fi dùùrù sílẹ̀, a sì ní wọn ò ní ẹ̀bùn. Àwọn kan máa ń dárúkọ Schumann níbí, tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bàjẹ́ nígbà tó wà ní ọmọ ogún ọdún ó lé díẹ̀, tó sì ti lo ẹ̀rọ tó ń fa ìka. Àwọn onítàn kò fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tó fà á, nítorí náà n kò ní fi í ṣe ẹ̀rí. Ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ tó láìsí tirẹ̀.

Àtakò kejì lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì yẹ ká fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Otto Ortmann ní Baltimore fi ẹ̀rọ wọn bí kíì àti apá ṣe ń ṣiṣẹ́, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé méjì, ní 1925 àti 1929. Ó fi hàn pé kò sẹ́ni tó lè tẹ dùùrù pẹ̀lú apá tó dẹ̀ pátápátá, torí apá bẹ́ẹ̀ á kàn já bọ́ sórí itan ni. Ó tọ̀nà, àwọn ọmọlẹ́yìn Breithaupt sì ti sọ àsọdùn. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ pé kí apá kú. Ìka gbọ́dọ̀ dúró, oríkèé tó sún mọ́ èékánná kò gbọdọ̀ wó. Èjìká ní láti gbé apá débi tó yẹ. Ohun tí a ń kọ́ ni pé kí ẹran apá má ṣe ju ohun tí iṣẹ́ náà gbà lọ. Báyìí ni wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé apá sókè díẹ̀, kó jọ̀wọ́ rẹ̀ sórí nóòtì kan pẹ̀lú ìka àárín, kí ọrùn ọwọ́ gba ìwúwo náà kó sì rọ̀ wálẹ̀, kó wá dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀nba tí kò ní jẹ́ kí kíì gbéra. Kí olùkọ́ fi ọwọ́ ti abẹ́ ìgúnpá rẹ̀. Bí ìgúnpá bá rọra mì, ó ti rí i. Bó bá gan, kó tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ló máa gbé ìwúwo yẹn láti ìka kan sí èkejì láìgbé apá sókè mọ́. Bí orin bá ṣe ń yára sí i ni ohun tó ń dé orí kíì ń dín kù, tí èjìká ń gbé púpọ̀ nínú apá. Nítorí náà, ẹni tó ní ọ̀nà yìí ò ṣiṣẹ́ fún orin kíákíá kò lóye rẹ̀.

Nílé wa níhìn-ín, àwọn kan á ní orin tiwa orin ìlù ni, pé ẹni tó bá fẹ́ tẹ iṣẹ́ Akin Euba, olórin tó wá bí dùùrù á ṣe máa dún lọ́nà ìlù wa, ó gbọ́dọ̀ lù ú tagbára-tagbára. Ẹ wo ẹni tó ń lu dùndún dáadáa kí ẹ sọ fún mi bóyá ọrùn ọwọ́ rẹ̀ gan. Kọ̀ǹgọ́ ń já lu awọ, awọ ń ta á padà, ọwọ́ ń jẹ́ kó lọ. Ẹni tó bá di kọ̀ǹgọ́ mú gírígírí, ìlù rẹ̀ á dún pa-pa, kò ní pẹ́ rẹ̀ ẹ́. Ìró tó mú ṣánṣán kò túmọ̀ sí apá tó le.

Ti kíbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì ló kù, òun ló sì fa púpọ̀ nínú ẹjọ́ yìí. Ọmọ tó ti fi ọdún mẹ́ta tẹ kíbọ́ọ̀dù tí kíì rẹ̀ kò ní ìwúwo, tó wá pàdé piano gidi níbi ìdánwò, á rí i pé nóòtì kan ò dún. Olùkọ́ á ní ìka rẹ̀ ò lágbára, á sì fi Hanon lé e lọ́wọ́. Àmọ́ ó ti mọ́ ọmọ náà lára láti máa fọwọ́ ra orí kíì lásán, torí kò sí ohun tó ń dá a dúró lórí kíbọ́ọ̀dù. Ohun tó ṣe aláìní ni mímọ̀ pé kíì ní ìsàlẹ̀, àti pé apá lè sinmi síbẹ̀. Kò yẹ ká sun ìwé Hanon. Kí ọmọ náà ṣí ìdánrawò àkọ́kọ́, kó fojú fo ìlànà gbígbé ìka sókè, kó fi ìka sórí kíì kó tó tẹ̀ ẹ́, kó lọ díẹ̀díẹ̀, ní ohùn jẹ́jẹ́. Bí apá bá bẹ̀rẹ̀ sí ro ó, kó dáwọ́ dúró kó wá ibi tó ti gan. Àwọn olùdánwò láti Lọ́ńdọ̀nù tó ń gbọ́ súkéèlì ọmọ yìí á wo ìdọ́gba àti bó ṣe ń ṣàn. Gíga ìka kì í sí lórí ìwé máàkì wọn.