Bí Iná Kò Bá Sáré, Ẹ Wo Ẹ̀yìn

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa nígbà tí à ń múra Ọjọ́ Àṣà ẹgbẹ́ wa ló mú wa rántí òwe yìí.

A fẹ́ fi iná LED mẹ́wàá yí pátákó ẹgbẹ́ ká, kí ìmọ́lẹ̀ máa sáré láti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì. Iṣẹ́ náà kò le lójú ìwé. IC méjì ló ń ṣe é. Èkíní ni 555, tí Hans Camenzind ṣe ètò rẹ̀ ní 1971, tó sì wà lọ́jà títí dòní. Òun ni onílù: ìlù rẹ̀ kì í dúró. Èkejì ni 4017: bí ìlù bá ti dún lẹ́ẹ̀kan, á gbé iná kúrò lórí ẹsẹ̀ kan bọ́ sórí òmíràn, títí yóò fi pé mẹ́wàá, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀.

A jó gbogbo rẹ̀ pọ̀ tán, a so bátìrì 9V mọ́ ọn. LED kan ṣoṣo ló tàn, ó sì dúró gbọin. "Ayédèrú ni IC yìí!" ni ẹnì kan nínú wa pariwo. Kí a tó wí, kí a tó fọ̀, a ti ń múra láti lọ bá oníṣòwò tó tà á fún wa jà, ọmọ ìlú tó gbà wá lálejò. A sì ti fẹ́ tún tọwọ́ bọ owó ẹgbẹ́ láti ra òmíràn.

Ọpẹ́lọpẹ́ ẹni tó ní kí a fara balẹ̀. A kò ní mítà, ṣùgbọ́n LED kan, resistor 1kΩ kan àti wáyà méjì tó láti fi mọ ibi tí iná dé. A gbé e sí ẹsẹ̀ 3 lára 555. Bí a ṣe tò ó, ó yẹ kí ó máa ṣẹ́jú nǹkan bí ìgbà 7 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ojú wa lè tó o dáadáa, a yọ capacitor 1µF, a fi 10µF rọ́pò rẹ̀. Ó ń ṣẹ́jú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìgbà 7 láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10. Onílù kò sùn. Ó ku 4017. A ka ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: 16 wà lójú + bátìrì, 8 àti 15 wà lójú −. Ẹsẹ̀ 13 ńkọ́? Ó rọ̀ dirodiro, kò so mọ́ ohunkóhun. Bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ yìí ló ń sọ fún IC náà bóyá kí ó máa kà tàbí kí ó dúró. A so ó mọ́ ojú −, iná gbéra, a hó yèè.

Síbẹ̀, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Iná ń fò síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ọ̀pọ̀lọ́. A ti to LED bí nọ́ńbà ẹsẹ̀ ṣe tẹ̀léra, IC náà kò sì kà bẹ́ẹ̀: 3, 2, 4, 7, 10, 1, 5, 6, 9, 11 ni tirẹ̀. A tún un tò. Oníṣòwò kò jẹ̀bi rárá. Àwa la jẹ̀bi.

Èrò tiwa nìyí: iná tó kọ̀ tí a sì mọ ìdí rẹ̀ kọ́ni ju iná tó sáré lọ. Àwọn kan ń fowó ra pírójẹ́ẹ̀tì tí ẹlòmíràn ti ṣe parí. Máàkì wọn á pé, ṣùgbọ́n bí wáyà kan bá já níwájú olùkọ́, ẹnu á wọhò. Wọn á ní àyè kò sí, irinṣẹ́ kò tó. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n LED kan la fi yẹ tiwa wò, alẹ́ kan ló sì gbà.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ, ẹ máa kọ àléébù tí ẹ rí, àti bí ẹ ṣe rí i, sínú ìwé pírójẹ́ẹ̀tì yín. Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́, ẹ fún wa ní ọ̀sán Sátidé kan lóṣù, kí ọmọ ẹ̀rọ àti ọmọ èdè jọ jókòó, kí a fi Yorùbá sọ ohun tí ọwọ́ wa ń ṣe. Ẹni tó mọ ibi tó ti kọsẹ̀ kò ní dá ẹlòmíràn lẹ́bi lásán. Kí Olódùmarè má jẹ̀ẹ́ kí iná ẹgbẹ́ wa kú. Àṣẹ.