Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́

Àwọn àgbà tí wọ́n sọ pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́ kò bá ìkà ènìyàn wí. Ẹni tí ó fẹ́ràn aláìsàn dénú, ṣùgbọ́n tí ìpayà ti gba làákàyè lọ́wọ́ rẹ̀, ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Irú ìpayà bẹ́ẹ̀ ni í mú abiyamọ ní Ìbá tàbí ní Navy Town ní Èkó, nígbà tí ó bá tú irun ọmọbìnrin rẹ̀ láti di ṣùkú fún un, tí ó rí i pé àárín orí ti pá, tí kì í sì í ṣe làpálàpá, bí kò ṣe pé ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni ó ń fa irun tu lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnìkan yóò ní iṣẹ́ ayé ni, ẹlòmíràn yóò ní kí a nà án, ẹ̀kẹta yóò ní kí a fá orí náà kodoro kí ọwọ́ má baà rí nǹkan fà mọ́. Abẹ kò dé ibi tí àìsàn wà: ọwọ́ lè ṣí lọ sí ìpéǹpéjú, ìtìjú yóò sì ti kún ìnira.

Hallopeau, oníṣègùn awọ ara ní ilẹ̀ Faransé, ni ó sọ àìsàn yìí ní trichotillomania ní 1889. Nǹkan bí ẹni 1 sí 2 nínú 100 ni ó ń bá fínra, púpọ̀ wọn láti ọmọ ọdún 10 sí 13. Agídí kọ́. Ìfẹ́ kan ni ó ń ru sókè nínú ọpọlọ, tí í rọlẹ̀ díẹ̀ bí irun bá ti já. Ẹlòmíràn kì í tilẹ̀ mọ̀ pé ọwọ́ òun ti gòkè níbi tí ó ti ń kàwé.

Ọwọ́ ni kí a kọ́, kí a fi orí, àtètè-níran, sílẹ̀. Ní 1973 ni Azrin àti Nunn, àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá, gbé ìlànà rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà: aláìsàn yóò kọ́ láti mọ ìgbà tí ìfẹ́ náà ń bọ̀, yóò di ìkúùkù títí ìfẹ́ náà yóò fi rọlẹ̀, ará ilé yóò sì máa yìn ín.

Orúkọ Yábà, níbi tí ilé ìwòsàn ọpọlọ ti wà láti 1907, ń ba ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́rù. Ó dùn mí, nítorí ẹ̀ka ilé ìwòsàn náà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọdé wà ní Òṣòdì, tí ará Okokomaiko lè wọkọ̀ dé. Bí ọmọ bá sì ń gbé irun náà mì, kí òbí má ṣe dúró de ọ̀la, nítorí irun kì í dà nínú ikùn. Ó lè lọ́ mọ́ra di ìdì tí iṣẹ́ abẹ nìkan yóò lè yọ.