Ẹ Má Di Ẹ̀bi Ru Kọ̀ǹpútà

N kò fara mọ́ àwọn tó ń di ẹ̀bi ìdádúró ọkọ̀ òfuurufú Airbus A380 ru kọ̀ǹpútà. Ní ọdún 2006, wáyà tí Hamburg ní Jámánì pèsè kò bá àyè rẹ̀ mu ní Toulouse ní ilẹ̀ Faransé. CATIA 4 ni Hamburg fi ń yàwòrán; CATIA 5 ni Toulouse ń lò. Oṣù kẹwàá ọdún 2007 ni oníbàárà àkọ́kọ́ tó gba ọkọ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, iṣẹ́ tí a bá rán kọ̀ǹpútà ló ń jẹ́. Èèyàn ló yẹ kó kọ́kọ́ fẹnu kò: àwòrán kan náà, ìbẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n kan náà, fún gbogbo ẹ̀yà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ọwọ́ tí kò bára mu, àyà wo ni yóò sọ?