Ta Ni Ọ̀gá Wa Níbi Tá A Ti Ń Kọ́ṣẹ́?

Bí ìwé tí wọ́n fi ń pín wa lọ sí IT bá ti jáde, ìbéèrè kan náà ni gbogbo èèyàn máa ń bi àwa tá a ń ka social work: ibo ni wọ́n gbé yín lọ? Bóyá ọsibítù ni o, bóyá ilé ọmọ aláìlóbìí ni, bóyá ọ́fíìsì wẹ́fíà ní ìjọba ìbílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń béèrè pé ta ni yóò kọ́ yín níbẹ̀. Lójú tiwa, ìbéèrè yẹn ló yẹ kó ṣáájú.

Ẹni tó bá ti gbé nítòsí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ rí á mọ ohun tá a ń sọ. Ọmọ iṣẹ́ tí ọ̀gá jókòó tì, tó bá rán aṣọ wọ́, tí ọ̀gá tú u, tó ní kó tún un rán, ọmọ yẹn á mọṣẹ́. Èyí tí wọ́n ń rán lọ ra àkàrà, tó ń bá ìyàwó ọ̀gá fọ abọ́, lè lo ọdún mẹ́ta kó má mọ bí wọ́n ṣe ń gé ọrùn bùbá. Àwọn méjèèjì ló lo ọdún mẹ́ta o. Nínú àwa tá a ń kọ èyí, ẹnì kan lo gbogbo IT rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ fọtokọ́pì. Ẹnì kejì ń kọ orúkọ àwọn tó wọlé sínú rẹ́jísítà. Wọ́n buwọ́ lu lọ́gìbúùkù àwọn méjèèjì, máàkì wọn sì dára. (Ti fọtokọ́pì ló tiẹ̀ ga jù.)

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ń kọ orúkọ yẹn ló wà nìkan ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ tí obìnrin kan gbé ọmọ jòjòló wá. Bàbá ọmọ ti lé e jáde, kò sì mọ ibi tó máa sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Gbogbo ọ̀gá ti lọ sípàdé, wọn ò gbé fóònù. Obìnrin náà jókòó títí di aago méjì, ó gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n, ó lọ. Orúkọ rẹ̀ àti àsìkò tó wọlé nìkan ló kù nínú rẹ́jísítà.

Ọ̀pọ̀ nínú ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ wa ti ìlú ọba wá, nítorí náà ó dáa ká wo bí àwọn tó kọ ìwé náà ṣe bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tiwọn. Ní 1942 ni William Beveridge gbé ìròyìn rẹ̀ jáde, pé òṣì, àìsàn, àìmọ̀wé, ìgbé ayé nínú ẹ̀gbin àti àìríṣẹ́ṣe ni òmìrán márùn-ún tí ìjọba gbọ́dọ̀ dojú kọ. Kí 1948 tó parí, òfin ti wà fún owó ìrànlọ́wọ́, ìtọ́jú ọ̀fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù Keje, òfin àwọn ọmọdé náà sì ti jáde.

Òfin àwọn ọmọdé yẹn ní ìtàn. Ní oṣù Kíní 1945, Dennis O'Neill, ọmọ ọdún méjìlá, kú ní oko kan ní Shropshire, lọ́wọ́ àwọn tí ìjọba ìbílẹ̀ fún ní ọmọ náà pé kí wọ́n máa tọ́. Wọ́n ti nà án, wọ́n sì ti fi ebi pa á. Ìgbìmọ̀ tí Myra Curtis jẹ́ alága rẹ̀ wádìí bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àwọn ọmọ tí kò sí lọ́dọ̀ òbí wọn. Wọn ò tiẹ̀ dúró kí iṣẹ́ wọn parí ní 1946 kí wọ́n tó kọ́kọ́ gbé ìròyìn kékeré kan jáde tó dá lórí bí wọ́n ṣe máa dá àwọn olùtọ́jú ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ nìkan. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ máàkì ló mú kí wọ́n fẹ́ kí èèyàn kọ́ṣẹ́ yìí dójú àmì. Òkú ọmọ ló wà nílẹ̀.

Nígbà tó di 1954, Eileen Younghusband bẹ̀rẹ̀ kọ́ọ̀sì tuntun ní London School of Economics pẹ̀lú owó Carnegie. Iṣẹ́ ojú pápá lábẹ́ ẹni tó mọṣẹ́ wà lára ìpìlẹ̀ kọ́ọ̀sì náà. Títí di òní, akẹ́kọ̀ọ́ social work ní England gbọ́dọ̀ lo 170 ọjọ́ lẹ́nu iṣẹ́ kó tó gboyè; 70 ọjọ́ lákọ̀ọ́kọ́ àti 100 lẹ́yìn náà ni ọ̀pọ̀ ilé ìwé máa ń pín in sí. Iye ọjọ́ yẹn ni gbogbo èèyàn ń tọ́ka sí nígbà tí wọ́n bá ń fi wọ́n wé wa. Àwa ò rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹnì kan tí wọ́n dá lẹ́kọ̀ọ́ láti kọ́ni níbi iṣẹ́. Bó bá di ti ìkẹyìn, ẹni náà gbọ́dọ̀ jẹ́ social worker tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin. Yóò bá ọ jókòó, yóò ka ohun tó o kọ, yóò tẹ̀ lé ọ wọ ilé tó o ti ń bá ìdílé sọ̀rọ̀, yóò dákẹ́, yóò máa wò ọ́. Ó sì lè sọ pé o ò yege. Télọ̀ tó ń tú aṣọ nìyẹn.

A mọ̀ pé àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó wà lọ́hùn-ún máa ní ká rọra. Òótọ́ ni. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kì í gba owó oṣù kankan fún 170 ọjọ́ yẹn. Owó ìrànlọ́wọ́ tí ìjọba ń fún wọn ti ní gbèdéke láti 2013, kì í sì kan gbogbo èèyàn. Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ pàápàá ń ká gúọ́gúọ́: ní oṣù Kẹsàn-án 2023, ti Birmingham kéde pé owó òun kò lè gbé ìnáwó òun. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ kó lè sanwó ilé kì í fi ojú tó mọ́ wo ìyá ọlọ́mọ láàárọ̀. Australia ti gbà bẹ́ẹ̀. Láti oṣù Keje 2025 ni wọ́n ti ń san owó ọ̀sẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ social work tí kò rí jájẹ nígbà tí wọ́n bá wà lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́.

Ohun kan tún wà tí ọ̀gá tó mọ òfin dunjú lè má mọ̀. Láti àwọn ọdún 1950, ọ̀pọ̀ Yorùbá tó lọ kàwé ní London máa ń fi ọmọ sọ́dọ̀ àwọn òyìnbó ní Kent, Sussex àti Essex. Bàbá wà ní kíláàsì, ìyá wà níbi iṣẹ́, yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n sì rí háyà. Inú ìwé ìròyìn Nursery World ni wọ́n ti ń polówó pé àwọn ń wá alágbàtọ́. Nílé, ta ni kò mọ ọmọ tó dàgbà lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀? Àmọ́ àǹtí mọ ìyá ọmọ, ìyá sì lè yọjú nígbàkigbà. Òṣìṣẹ́ wẹ́fíà tó bá rí ọmọ dúdú nílé òyìnbó, tí ìyá rẹ̀ ń wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ó rọrùn fún un láti rò pé ìyá ti kọ ọmọ sílẹ̀. Ìyá ní tirẹ̀ rò pé òun ti fi ọmọ síbi ààbò. Láàárín èrò méjèèjì ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti jìyà. Adewale Akinnuoye-Agbaje, tí wọ́n fi sọ́dọ̀ òyìnbó ní Tilbury, fi ohun tí ojú rẹ̀ rí ṣe fíìmù Farming ní 2018.

Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní Èkó ṣáájú, láti apá kejì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1940, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi Donald Faulkner jẹ ọ̀gá wẹ́fíà níbẹ̀. Òfin àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ jáde ní 1943, lílé àwọn ọmọbìnrin tó ń kiri ọjà kúrò lójú pópó sì wà lára ohun tí wọ́n gbájú mọ́. Ewu ni wọ́n rí nínú kíkiri. Lójú àwọn ìyá, ibẹ̀ lọmọ ti ń kọ́ òwò, èrè rẹ̀ sì wà lára owó ọbẹ̀. Owó ọmọ tí àwọn ìyá ní ìlú ọba bẹ̀rẹ̀ sí í gbà ní 1946 kò kan ìyá Èkó. Òṣìṣẹ́ wẹ́fíà ni wọ́n gbé wá, wọn ò gbé wẹ́fíà wá. Títí di òní, ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì tí wọ́n ń pín wa sí kò ní ju àga, tábìlì àti rẹ́jísítà lọ.

Ìdí nìyí tá a fi sọ pé ọ̀gá la nílò jù. Níbi tí ìjọba ti ní owó àti ilé ààbò, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lọ́gàá ṣì lè ka ìlànà kó sì darí èèyàn síbi tó yẹ. Lọ́dọ̀ tiwa, ìmọ̀ tó lè gba obìnrin yẹn là wà lórí ẹnì kan: pé ìyá ìjọ báyìí ní yàrá tó ṣófo, pé ọ̀gá ọlọ́pàá báyìí máa ń gbọ́ ẹjọ́ obìnrin, pé bàbá ọmọ kò bẹ̀rù kóòtù ṣùgbọ́n kò lè kọ̀rọ̀ sí olórí ẹbí rẹ̀ lẹ́nu. Kò sí ìwé òyìnbó tó kọ ọ́. Ẹni tó ti ń ṣe é fún ogún ọdún ló mọ̀ ọ́n, bí kò bá sì jẹ́ ká jókòó ti òun, yóò bá a lọ lọ́jọ́ tó bá fẹ̀yìn tì.

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa ń pariwo pé kí wọ́n fi oṣù kún IT. A ò sí lẹ́yìn wọn. Oṣù mẹ́ta sí i nídìí fọtokọ́pì, kí ló fẹ́ kọ́ni? Ohun tá a fẹ́ ni kí orúkọ ẹni tó máa kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ọ́fíìsì nínú ìwé ìpínni, kí ẹni náà mọ̀ ṣáájú, kó sì ya wákàtí kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ láti bá a jókòó. Ibi tí wọn ò bá ti rí ẹni bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má gbé ẹnikẹ́ni lọ síbẹ̀. Òfin tó dá ìgbìmọ̀ social work sílẹ̀ ní Nàìjíríà ti wà láti 2022. Kò burú bí wọ́n bá fi èyí ṣe àkọ́kọ́ nínú ohun tí wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ ilé ìwé.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ náà nílé, ẹ̀yin la ń bẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan péré lọ́dún, wákàtí kan lọ́sẹ̀. Lẹ́yìn ìdánwò ni ìwé ìpínni tọdún yìí máa jáde, a sì fẹ́ kó orúkọ yín lọ bá ọ̀gá ẹ̀ka wa kó tó jáde.